Ìṣirò UTME: ìbéèrè 14 ni n kò tíì fojú kàn tí àkókò fi tán. Ẹ là mí lóye!

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìgbà kejì tí mo jókòó fún UTME, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, nìyí tí ìṣirò ń fi ojú mi gbolẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n o. Nílé ìwé, èmi ni wọ́n máa ń pè sídìí pátákó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nígbà tí àkókò tán tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pa gbogbo ẹ̀ dé, ìbéèrè ìṣirò 14 ni n kò tíì fojú kàn rárá. Máàkì 38 ni mo gbà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì 61, Kẹ́mísírì 57, Físíìsì 52. Ẹ rò ó pọ̀, 208. Iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ni mo fẹ́ lọ kọ́, 208 kò sì lè gbé mi débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti là á já, báwo lẹ ṣe ń pín àkókò ìṣirò? Ẹ má sọ pé kí n "yára" o. Etí mi ti kún fún ìyẹn.

Tísà_Òṣogbo
Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn. Kí lo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí o wọlé? Mélòó ló sì kù lórí aago ojú ẹ̀rọ nígbà tí o ṣí ìṣirò?

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú, òun ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fara balẹ̀ ka àwọn àyọkà yẹn, mo sì tún padà lọ yẹ ìdáhùn mi wò. Lẹ́yìn náà mo ṣe Físíìsì, mo ṣe Kẹ́mísírì. Ìgbà tí mo fi máa ṣí ìṣirò, ó ku ìṣẹ́jú 21.

Tísà_Òṣogbo
Ó ti yé mi. Gbọ́: ìbéèrè 26 lo ṣe ní ìṣẹ́jú 21. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò lọ́ra rárá. Àwọn tó ń ní kí o yára kò wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí o tó dé ìdí àwo ni wọ́n ti jẹ ẹran tán, egungun ló kù fún ẹ.

Ohun tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kì í rántí ni pé JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, kò fún ìṣirò ní àkókò tirẹ̀. Wákàtí méjì ni gbogbo ẹ̀, ìbéèrè 180: Gẹ̀ẹ́sì 60, àwọn mẹ́ta yòókù 40, 40, 40. Aago kan ṣoṣo ló ń ka gbogbo wọn, o sì lè bọ́ sínú èyí tó bá wù ọ́ nígbàkígbà. Tí o bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè fi ìṣẹ́jú àáyá 40 yanjú ìbéèrè sine rule? Ìṣirò gbọ́dọ̀ yá àkókò lọ́wọ́ ẹlòmíì ni.

Lọ́wọ́ ta ni? Máàkì 100 ló wà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì pín 100 tirẹ̀ sí ọ̀nà 60, ìṣirò pín tirẹ̀ sí ọ̀nà 40. Ó já sí pé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ló wọn ìbéèrè ìṣirò méjì. (JAMB ní bó ṣe ń tún máàkì tò kó tó gbé e jáde, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ká ṣètò àkókò ni, ìpín yìí tó wa.) Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè antonym tàbí stress, ó kù sí pé o mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Tí o bá tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú méjì, kò ní torí ìyẹn di ohun tí o mọ̀. Nígbà tí o padà lọ ń yẹ ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì wò lẹ́ẹ̀kejì, ọjà olówó pọ́ọ́kú lo dúró ná, ọjà gidi wà lẹ́yìn rẹ tí o kò tíì yà síbẹ̀.

Aago ojú ẹ̀rọ ń ka sẹ́yìn ni, láti 120 wá sí òdo. Wọn kì í jẹ́ ká mú aago ọwọ́ wọlé, òun nìkan ni wàá rí. Má jókòó máa ṣírò pé "mo ti lo mélòó báyìí?" Kí o tó dáhùn ìbéèrè kankan, kọ nọ́mbà mẹ́rin sórí bébà tí wọ́n bá fún ẹ láti fi ṣe rọ́ọ̀fù: 90, 52, 32, 7. Tí aago bá dé 90, jáde kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà parí, ìbáà má parí. Láti 90 dé 52, ìṣirò. Ìṣẹ́jú 38 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí o rí lò lọ́jọ́sí. Láti 52 dé 32, Kẹ́mísírì. Láti 32 dé 7, Físíìsì. Ìṣẹ́jú méje tó bá kù, fi yí ká àwọn tí o fò.

Ọmọ_Ẹgbá_200L
Tísà, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ ìbéèrè mẹ́ta sí méjì yẹn kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta ko yín díẹ̀. Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú? Ìṣirò ni èmi kọ́kọ́ ṣí. Orí ṣì tutù, ojú kò tíì rẹ̀, mo wọ inú ẹ̀ lọ gbuurugbu. Mo gba 78. Ó ti di ọdún kejì mi ní yunifásítì báyìí.

Àyọ̀ká_Ìbàdàn
Orí tìrẹ lẹ̀gbọ́n! Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí, ó ṣí ìṣirò lákọ̀ọ́kọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n dè é síbẹ̀: bearing ló kọ́kọ́ pàdé, ó bọ́ sí i, kò jáde. Ìyẹn ò tíì tán, ìbéèrè circle theorem kan tún tẹ̀lé e, àwòrán ẹ̀ dà bí àwọ̀n ìpẹja. Nígbà tó fi máa dé ìbéèrè kẹrin, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n títí òun fi ṣe Gẹ̀ẹ́sì tán.

Ọmọ_Ẹgbá_200L
Ta ló ní kó má jáde?

Àyọ̀ká_Ìbàdàn
😂 Ìyẹn náà ni.

Tísà_Òṣogbo
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ẹni tí ìṣirò kì í dẹ́rù bà lè fi í ṣíwájú. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já, kó fi Gẹ̀ẹ́sì tu ara rẹ̀ lára fún ìṣẹ́jú 30. Ohun kan tí n kò ní gbà fún ọmọ mi kankan ni kó fi ìṣirò sẹ́yìn pátápátá. Iṣẹ́ tó bá kẹ́yìn ni gbogbo gbèsè àwọn yòókù máa ń já lé lórí.

Àrẹ̀mú_Ṣàgámù
Àdùkẹ́, Tísà ti bá ẹ gba ìṣẹ́jú 38. Ó kù bí wàá ṣe ná an. Ìgbà tí a wà ní kékeré, tí a bá lọ sábẹ́ igi màngòrò, ta ló máa kọ́kọ́ sọ òkò? Èyí tó já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ là á kọ́kọ́ ṣà. Ẹ̀yìn ìyẹn, a ó na ọwọ́ sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lókè téńté, ìgbà tí àpò bá ti kún la máa ń wá òkò rẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe ìṣirò tèmi nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i ká. Àkọ́kọ́, láti 1 dé 40, èyí tí mo bá kà tí ìdáhùn tàbí ọ̀nà rẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, mo ṣe é. Èyí tí kò bá sọ, mo tẹ N (bọ́tìnnì ìbéèrè tó kàn), mo kọjá. Ó máa ń tó bí ogún ìbéèrè, ìṣẹ́jú 12. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe àmọ́ tí iṣẹ́ wọn gùn: méjìlá ní ìṣẹ́jú 18, ìyẹn ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó kù, mo lò ó fún mẹ́jọ tí n kò mọ̀. Mo yọ ìdáhùn tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ kúrò, mo mú nínú ìyókù.

Lójú ẹ̀rọ tí mo lò, nọ́mbà ìbéèrè wà nísàlẹ̀, èyí tí mo ti dáhùn sì yàtọ̀ sí èyí tí n kò tíì dáhùn, torí náà ojú mi kì í sọnù tí mo bá padà. Síbẹ̀ mo máa ń kọ nọ́mbà àwọn "ẹ̀ka ìsàlẹ̀" sórí bébà, kí n má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀.

Bàbá_Alákẹ́
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le.

Ọmọ_Ẹgbá_200L
Òótọ́ ni bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sọ fún aago náà sà 🙈

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Bọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù fífo ìbéèrè ló máa ń bà mí. Ó máa ń dà bíi pé tí mo bá ti kọjá, mo ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè mìíì wà tí mo ó ti ṣe dé ìdajì…

Ọmọ_Ẹgbá_200L
Ó dáa, ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn, torí ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ẹ̀ ń ṣe dé ìdajì yẹn, kò yẹ kí ẹ ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. JAMB kì í wo iṣẹ́ rọ́ọ̀fù yín. Tíṣà ilé ìwé ló ń fún yín ní máàkì fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbí, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè.

Wọ́n ní kí o wá roots 2x² − 5x − 3 = 0. A ní 3 àti ½. B ní 3 àti −½. C ní −3 àti ½. D ní −3 àti −½. Mo mọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ fọ́múlà, ±, root 49, gbogbo ẹ̀. Dúró. Tí o bá sọ roots méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, −3/2 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó ní àmì òdì, torí náà A àti D ti kú. Tí o bá rò wọ́n pọ̀, 5/2 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò ní àmì òdì. C ti kú. B nìyẹn. Mi ò mú pẹ́ńsù.

Number base náà nìyẹn: "23 ní base x jẹ́ 19 ní base 10, kí ni x?" Ẹ má kọ ìlà mẹ́rin. Ìdáhùn wà níwájú yín, ẹ fi 8 sí i: ẹ̀ẹ̀mejì 8 jẹ́ 16, ẹ fi 3 lé e, 19. Ó tán.

Polygon tí interior angle rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 156°, igun mélòó ló ní? Àwọn kan á máa bá (n − 2)180 jà. Ẹ yọ 156 kúrò nínú 180, ó ku 24. Ẹ fi 24 pín 360. Igun 15.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti owó èlé. ₦50,000, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún méjì, compound interest, èló ni gbogbo owó náà máa di? Ẹni tó ń sáré á rí 60,000 nínú àwọn ìdáhùn, inú ẹ̀ á dùn, á tẹ̀ ẹ́. Simple interest nìyẹn o. 60,500 ni ti compound. Torí náà ó níbi tí a ti ń sáré, ó níbi tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Alákẹ́, ẹ gbà mí, ibí yìí ni ẹ̀sọ̀ yín wà.

Àyọ̀ká_Ìbàdàn
Kí n fi kún un: ẹ má ṣe máa da ìbéèrè kọ sórí bébà. Nọ́mbà nìkan. Mo rí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń kọ "Find the value of…" pẹ̀lú lẹ́tà tó rẹwà. Kàkúlétọ̀ ojú ẹ̀rọ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó ṣí i, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n tún pa á dé, mo ti lè ṣe 15 × 24 sórí bébà. Ìlọ́po nọ́mbà ńláńlá àti desimáàlì nìkan ni mo fi í ṣe.

Òtítọ́_Expo
[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò.]

Àrẹ̀mú_Ṣàgámù
Alábòójútó, ẹ ṣeun. Ẹni tó ní gbogbo ìdáhùn lọ́wọ́, tó wá ń tà á ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún lórí WhatsApp, òun fúnra rẹ̀ kò ṣe tíì wọlé?

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àwọn ìbejì mi ń múra fún ti ọdún tó ń bọ̀. Orí fóònù mi ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Tí wọ́n bá ṣe ìṣirò, wọ́n máa ń gba 33, 35 nínú 40. Mo ti ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń kà níbí ti ń já mi láyà.

Káfẹ́_Ọ̀tà
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ẹ má jáyà, àmọ́ ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Lórí fóònù, ṣé ìṣirò nìkan ni wọ́n ń ṣe, àbí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní ìjókòó kan? Ṣé aago náà ń ka? Ṣé kàkúlétọ̀ ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó gba 35 láàárín wákàtí kan lè gba 20 tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ti bọ̀.

Mo ní káfẹ́, mo sì máa ń rí wọn. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ wọn á lọ sórí máọ̀sì, wọ́n á máa lé àmì kékeré yẹn kiri bí ẹni ń lé ọmọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ JAMB ti yanjú ìyẹn. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣíwájú, S tí èèyàn bá ti parí tó fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, R láti padà tó bá ṣèèṣì tẹ S. Kò nílò máọ̀sì. Ọwọ́ òsì lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ ọ̀tún lórí pẹ́ńsù, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ mú wọn lọ sí káfẹ́ tó bá súnmọ́ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí méjì gbáko, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí JAMB bá sì ti ṣí mock (ìdánwò ìdánrawò) sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe dandan, máàkì rẹ̀ kò sì wọnú ìdánwò gidi, ṣùgbọ́n wọ́n á ti rí bí gbọ̀ngàn ṣe rí, wọ́n á ti tẹ ìka, wọ́n á ti jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta
Kàkúlétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lóòótọ́ 😔 Mo ti gbà á lọ́wọ́ Táíwò báyìí. Kẹ́hìndé ń ṣẹjú sí mi.

Ìyá_Dèjì_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ṣe SAT, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, níbí, mo sì rí i pé àwọn kan máa ń fi ìmọ̀ràn SAT tó wà lórí YouTube kọ́ ọmọ UTME. Ẹ ṣọ́ra, kì í ṣe aṣọ kan náà. Níbí, àpótí ìṣirò dá dúró. Láti 2024 tí SAT ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá ní Amẹ́ríkà, ìpín méjì ni ìṣirò, ìbéèrè 22 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 35. Ó ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kàkúlétọ̀ Desmos tó ń ya gíráàfù wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó máa jẹ àkókò ẹ̀.

Ohun tó le níbẹ̀ yàtọ̀. Tí ìpín kìíní bá ti parí, o kò lè padà sí i mọ́. Bí o bá sì ṣe ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu bóyá ìpín kejì tí wọ́n máa gbé fún ẹ á le tàbí á rọrùn, ẹni tí wọ́n bá sì gbé èyí tó rọrùn fún, máàkì rẹ̀ ní ibi tó lè dé mọ. Torí náà, ẹni tó ń ṣe SAT kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìpín kìíní. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbéèrè ibẹ̀ kò tiẹ̀ ní A, B, C, D, ìwọ fúnra rẹ lo máa tẹ nọ́mbà sí i.

Dèjì tèmi, Desmos ló fẹ́ pa á. Ohun gbogbo, Desmos. 7 × 8, Desmos! Bàbá rẹ̀ ló wá fi tábìlì ìlọ́po tó wà lẹ́yìn ìwé èsáísì ayé àtijọ́ kọ́ ọ láràárọ̀ nínú mọ́tò.

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Ẹ ṣeun mà. Mo ti ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ o! Wọ́n ní kí n má lo ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ lórí ìbéèrè, mo sì rò pé mo ń ṣe dáadáa.

Tísà_Òṣogbo
Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lórí ìbéèrè 40 jẹ́ wákàtí kan. Wákàtí kan kì í ṣe tìẹ.

Àyọ̀ká_Ìbàdàn
Ìbéèrè tèmi: mẹ́jọ ìkẹyìn tí èèyàn kò mọ̀ ńkọ́? Àwọn kan ní kí a tẹ C fún gbogbo ẹ̀.

Àrẹ̀mú_Ṣàgámù
Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, torí náà kò sí ìdí tí o fi máa fi ọ̀kankan sílẹ̀ lófìfo. Tí o bá tẹ lẹ́tà kan náà fún mẹ́jọ, méjì ló ṣeé ṣe kó bọ́ sí i, máàkì márùn-ún. Ó sàn ju òdo lọ, ṣùgbọ́n má pè é ní ọgbọ́n. Tí o bá lè yọ ìdáhùn méjì kúrò nínú mẹ́rin, ó ti di mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Probability tí wọ́n pè ní 5/3? Yọ ọ́. Ọjọ́ orí tó ní àmì òdì? Yọ ọ́. Ẹsẹ̀ triangle tó gùn ju hypotenuse lọ? Yọ ọ́. Àdùkẹ́, ìbéèrè 14 tí o fi sílẹ̀ yẹn, ká ní o tẹ lẹ́tà èyíkéyìí sí gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 30 tó kẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí 38 rẹ ti lé ní 45.

Àdùkẹ́_Ìlọrin
😭 Ẹ má tún sọ ọ́ mọ́.

Káfẹ́_Ọ̀tà
Kí n má gbàgbé. Tí ẹ̀rọ bá kú tàbí tó dákẹ́, ẹ má jókòó síbẹ̀ máa wò ó. Ẹ nawọ́ sókè. Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ mìíì, ó wọlé padà, ìdáhùn rẹ̀ ṣì wà, àkókò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Ohun tó pàdánù ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta ni òun fi ń wo ìbéèrè kan láìkà á.

*(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti padà dé. Mo ṣe ìdánrawò iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní káfẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ 90, 52, 32, 7 sórí bébà bí Tísà ṣe wí. Èyí tó kẹ́yìn: mo jáde nínú Gẹ̀ẹ́sì ní 88, mo parí ìṣirò ní 47, Kẹ́mísírì ní 26, ni Físíìsì bá jẹ gbogbo ìyókù, márùn-ún sì kù tí n kò ráyè ṣe. Ìṣirò: 27 nínú 40! Gẹ̀ẹ́sì kò jábọ́, 38 nínú 60. Ṣùgbọ́n Físíìsì wá di ìṣirò tuntun.

Tísà_Òṣogbo
O ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì kò jábọ́, ṣé o rí i? Ìṣẹ́jú tí o yọ lára rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Wàyí o, láti 88 dé 47, ìṣẹ́jú 41 nìyẹn. Mẹ́ta lé. Níbo ni mẹ́ta yẹn lọ?

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Bearing kan ni sà. Mo lo bí ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ni! Mo ti ya àwòrán ẹ̀, mo ti rí igun ẹ̀, ìdáhùn mi kò kàn bá ọ̀kankan mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni mo bá tún un ṣe.

Tísà_Òṣogbo
Èyí tí o kò mọ̀ kì í pa ẹ́, o máa ń fò ó. Èyí tí o mọ̀ ló ń mú ẹ dúró. Ṣé o ti rí kọ̀ńdọ́ tó ní kí dírẹ́bà dúró nítorí èrò kan ṣoṣo tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ẹrù, tí ogún èrò sì wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù iwájú? Owó èrò yẹn dájú lójú ẹ̀, ohun tó mú un dúró nìyẹn. Tí ìdáhùn rẹ kò bá bá ọ̀kankan mu lẹ́ẹ̀kan, fi àmì sí nọ́mbà rẹ̀, tẹ èyí tó súnmọ́ ọn, tẹ N. Tí o bá rí ìṣẹ́jú méje ìkẹyìn, padà wá.

Ti Físíìsì: yí i padà pẹ̀lú Kẹ́mísírì. Èyí tí kò ní ìṣirò púpọ̀ ni kó gbẹ̀yìn. Wàá kọ 90, 52, 27, 7 báyìí.

Ọmọ_Ẹgbá_200L
Àdùkẹ́, 27 nínú 40! Rántí wa tí o bá dé ẹnjiníà o.

Àdùkẹ́_Ìlọrin
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti kọ nọ́mbà tuntun náà. Mo ń padà lọ sí káfẹ́ ní Sátidé, tí ọ̀gá ibẹ̀ bá gbà mí wọlé. Ó bi mí lánàá bóyá èmi ni mo pa lẹ́tà N rẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù òun.